Dorothy Adébímpé Ọláìyá, Ìyá Tó Lànà fún Èéfín

Ìlú Ìperu Rẹ́mọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni orísun ìyá wa, Àkítẹ́ẹ̀tì Dorothy Adébímpé Ọláìyá. Agboolé Ṣóyọyè ni a bí wọn sí, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1947. Bàbá wọn ni Olóògbé Josiah Ṣóyọyè, káfíńtà tó kan àga ìjókòó fún ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ìyá wọn ni Olóògbé Rebecca Àdùkẹ́ Ṣóyọyè, tó ń ta obì láti Ìperu dé Ṣàgámù. Mama ni àkọ́bí àwọn òbí wọn.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí Mama ń lọ ní kékeré ní fèrèsé ńlá kan tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bí ìsìn ìrọ̀lẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, oòrùn á máa ta sí àwọn akọrin lójú, wọn ò ní lè rí ìwé orin kà. Mama bi bàbá wọn léèrè ìdí tí fèrèsé náà fi wà níbẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹni tó fi fèrèsé yẹn síbẹ̀ kò jókòó níbẹ̀ rí." Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn Mama. Nígbà tí wọ́n di àgbà, wọn kì í ya ilé kankan láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ lọ jókòó láàárín àwọn tó máa lò ó.

Ìperu ni Mama ti ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì ṣe girama ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1968, wọ́n wọ yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Obìnrin méjì péré ló wà ní kíláàsì wọn. Olùkọ́ kan sọ fún wọn pé kò burú, obìnrin á mọ kíṣìnnì yà dáadáa. Mama dáhùn pé, "Ẹ ṣé, sà. Ilé ìwòsàn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yà ná." Wọ́n gboyè jáde ní ọdún 1973, wọ́n sì wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó.

Ní ọdún 1975, Mama ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Olóògbé Elkanah Ọláìyá, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ilé ìwé girama kan ní Kétu. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn: Olúwadàmọ́lá, Tóbi àti Jìmí. Wọ́n kọ́ ilé wọn sí Ìkòsí nígbà tí ọ̀pọ̀lọ́ ṣì ń ké yí gbogbo àdúgbò náà ká. Ní ọdún 1985, Mama fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, wọ́n ṣí ọ́fíìsì tiwọn sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Kétu. Ọ̀pọ̀ ilé tó wà ní Ogudu àti Magodo lónìí, ọwọ́ wọn ni àwòrán rẹ̀ ti jáde. Daddy wa sùn nínú Olúwa ní ọdún 1996. Mama ṣọ̀fọ̀ wọn bó ti yẹ, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọdún 1999 ni nǹkan yí padà. Tóbi, ọmọ wọn obìnrin, wà ní ọdún kejì ní yunifásítì kan, kẹ́mísírì ló ń kọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú láàbù, yàrá tí wọ́n ti ń po kẹ́míkà, ìgò ásíìdì bẹ́ lórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ta sí i lójú. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni láàbù náà ní, ó sì dìgbà tí èèyàn bá fà á wọlé kó tó ṣí. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sáré, tí wọ́n ń ti ara wọn mọ́ ọn, kò ṣeé fà mọ́. Ẹ̀rọ omi inú láàbù ti gbẹ. Ẹ̀yìn ilé ni omi wà. Kí wọ́n tó gbé Tóbi débẹ̀, ojú òsì rẹ̀ ti lọ.

Mama jókòó tì í ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, kó lọ kọ́ òfin. Báńdéèjì ṣì wà lójú Tóbi nígbà tó dáhùn.

"Mummy, mi ò fi kẹ́mísírì sílẹ̀. Kẹ́mísírì kọ́ ló fọ́ mi lójú. Ilé yẹn ni."

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí lójú, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ilé ni òun gan-an ń ṣe jẹun, á mọ ohun tí Mama ń rò lọ́kàn. Wọ́n ní, "Ó dáa. Tó o bá máa padà síbẹ̀, èmi náà á lọ wo ibi tó ò ń padà sí."

Wọ́n sì lọ. Wọ́n gbé téèpù ìwọnlẹ̀ dání, wọ́n ń jókòó sí ẹ̀yìn láàbù níbi tí kíláàsì ti ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n wo ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró sí, ibi tó ń gbé báàgì sí, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti ibi tí òórùn kẹ́míkà ń dúró sí tí kò lọ. Wọ́n tún lọ sí àwọn yunifásítì mìíràn. Àwọn olùkọ́ kan rò pé ìjọba ló rán wọn wá ṣàyẹ̀wò, wọ́n ń gbé àga fún wọn. Mama kò sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní ọdún 2002, Yunifásítì Òkè-Ìmọ̀ fẹ́ kọ́ ilé kẹ́mísírì tuntun, níbi tí ìkọ́ni àti ìwádìí á ti máa lọ pa pọ̀. Wọ́n ní kí àwọn àkítẹ́ẹ̀tì wá fi àwòrán díje. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Mama kan ní kí ni ẹni tó ń ya ilé Magodo fẹ́ lọ wá níbẹ̀. Àwọn yòókù gbé àwòrán iwájú ilé wá, gíláàsì tó ń dán láti ilẹ̀ dé òkè. Àwòrán tí Mama gbé wá fi ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan máa dúró sí hàn, àti ibi tó máa sá gbà bí nǹkan bá bẹ́. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Mama.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Alága ìgbìmọ̀ ilé náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Felix Ṣónúgà, olórí ẹ̀ka kẹ́mísírì, onímọ̀ tí òkè òkun ń bọ̀wọ̀ fún. Nínú àwòrán Mama, gbogbo láàbù ló ní àpótí onígíláàsì tó ń fa èéfín jáde lọ sókè òrùlé, àti ilẹ̀kùn méjì méjì. Àtẹ̀gùn méjì ló sì wà, ọ̀kan ní iwájú ilé, ọ̀kan ní ẹ̀yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní àpótí náà tọ́ sí àwọn olùwádìí tó ń bá kẹ́míkà líle ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ní kí wọ́n yọ ti àwọn ọmọ ọdún kìíní kúrò, kí wọ́n sì fi àyè àtẹ̀gùn kejì ṣe ọ́fíìsì, nítorí ọ́fíìsì kò kárí.

"Kí ni ọmọ ọdún kìíní fẹ́ fi í ṣe?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Omi iyọ̀ lásán ni wọ́n ń pò."

Mama ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tó mọ iná kì í sábà jóná. Ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ló ń fọwọ́ bọ̀ ọ́."

"Madam, ilé wa ni. Ẹ ya ohun tí a ní kẹ́ ẹ yà, tàbí kẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíì."

Ìrònú bá wọn délé. Dàmọ́lá, àkọ́bí wọn, tí òun náà ti di àkítẹ́ẹ̀tì tó sì ń bá wọn ṣiṣẹ́, gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n fara mọ́ ọn.

"Mummy, ilé wọn ni o. Ẹ jẹ́ ká yọ àtẹ̀gùn yẹn, ká fọwọ́ sí i. Àwọn ló máa lò ó."

"Orúkọ ta ló wà nísàlẹ̀ àwòrán?"

"Tiyín ni, mà."

"Nígbà náà, mi ò lè fọwọ́ sí ibi tí ọmọ ẹlòmíì máa há sí."

Ohun kan ṣoṣo ni Mama bẹ ìgbìmọ̀ náà: kí wọ́n tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn, kí wọ́n wá kí àwọn ní Ìkòsí ní ọ̀sán kan. Wọ́n gbà. Mama sì ní kí àwọn káfíńtà kan yàrá pákó méjì sí ẹ̀yìnkùlé wa. Àkọ́kọ́ rí gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ ṣe fẹ́ kí láàbù ọdún kìíní rí: ilẹ̀kùn kan tí à ń fà wọlé, fèrèsé ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìkejì rí bí Mama ṣe yà á: ilẹ̀kùn méjì, àyè tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé nísàlẹ̀, àti àpótí onígíláàsì tí páìpù fífẹ̀ gùn láti orí rẹ̀ kọjá òrùlé. Wọ́n kun orí páìpù náà ní dúdú, kí oòrùn lè mú un gbóná, kí ooru náà sì máa fa èéfín sókè bí iná ìjọba kò bá tiẹ̀ sí.

Ọ̀rẹ́ wọn ni Alhaja Kabirat Shittu, tí ilé wọn kọjú sí tiwa, tí wọ́n sì ń ta ata gbígbẹ ní Mile 12. Mama ránṣẹ́ sí wọn fún ata.

"Àkítẹ́ẹ̀tì, irú ata wo?" ni Alhaja béèrè. "Ṣé èyí tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ni, àbí èyí tí wọ́n fi ń lé ọlọ́ṣà?"

"Èyí tó bá gbóná jù."

"Ṣé ẹ ò ní pa àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n báyìí?"

"Kò ní pa wọ́n. Ó máa jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi ni."

Àwọn àlejò dé pẹ̀lú kóòtù àti táì. Mama sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún wọn láìfi nǹkan kan pa mọ́. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ àwàdà ni. Mama mú wọn wọ yàrá àkọ́kọ́, Mama fúnra wọn náà wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé ìkòkò ẹyin iná sáàárín, wọ́n da ata sí i.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó," ni Mama wí, "ká sọ̀rọ̀ nípa àtẹ̀gùn kejì."

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà. Ikọ́ mú ẹnì kan, ó mú èkejì, kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi dìde tí wọ́n rọ́ lọ sídìí ilẹ̀kùn. Ẹni iwájú fẹ́ fà á, àwọn tó wà lẹ́yìn ti gbé e lẹ̀ mọ́ ọn. Ó di ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ti gbogbo ènìyàn sẹ́yìn kí wọ́n tó rí ilẹ̀kùn ṣí. Mama ló jáde kẹ́yìn, omi ń dà lójú wọn. Alhaja ti dúró síta pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tútù, wọ́n ń bù ú fún ẹni gbogbo, wọ́n ń gbé ẹ̀rín mì.

Nígbà tí Mama ní ó ku yàrá kejì, àwọn kan fẹ́ padà sínú mọ́tò. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n gbé ìkòkò náà sínú àpótí onígíláàsì, wọ́n da ata púpọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ sí i. Iná ìjọba ti lọ láti àárọ̀, kò sí fáànù kankan tó ń yí. Gbogbo wọn ń wo èéfín náà bó ṣe ń wọ́ gòkè nínú páìpù. Ẹnikẹ́ni kò sín. Wọ́n jókòó débi pé wọ́n mu mínírà.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè pé, "Madam, ta ló kọ́ yín ní kẹ́mísírì?"

Mama nawọ́ sí Tóbi, tó ń gbé ife kiri. "Ọmọ mi nìyẹn. Láàbù ló ti fi ojú kan sílẹ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí Tóbi jókòó, kó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Tóbi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Ọ̀jọ̀gbọ́n kò sì dá a lẹ́nu. Nígbà tó parí, Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ife sílẹ̀.

"Ẹ fi àtẹ̀gùn kejì síbẹ̀," ló wí. "Ọ́fíìsì tèmi ni kẹ́ ẹ dín kù."

Ọdún 2003 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀. Mama pín in kí láàbù ìkọ́ni àti láàbù ìwádìí fẹ̀yìn ti ara wọn, kí páìpù èéfín kan náà lè sìn wọ́n, ògiri gíláàsì sì wà lójú ọ̀nà kí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè máa rí ohun tí àwọn àgbà ń ṣe. Kẹ́míkà ní ilé kékeré tiwọn lọ́tọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé òórùn wọn padà wá bá èèyàn. Táǹkì omi ga lórí òpó, kí omi lè dà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo láàbù bí iná bá lọ.

Ojú wọn ò kúrò níbi iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, wọ́n bá a pé agbaṣẹ́ṣe ti gbé àwọn ilẹ̀kùn kọ́, inú ni gbogbo wọn sì ń ṣí sí. Ó ní bí ilẹ̀kùn ṣe ń rí níbi gbogbo nìyẹn. Mama ní, "Ẹni tó ń sá kì í fa ilẹ̀kùn. Ó ń tì í ni." Wọ́n dúró nínú òjò náà títí àwọn òṣìṣẹ́ fi tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n ṣí ilé náà. Àwọn kan ní iwájú rẹ̀ kò dùn ún wò tó. Mama ní àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn yà á fún.

Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni ìyá wa. Ohùn kejì ni wọ́n ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Kétu, wọ́n sì tún jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin níbẹ̀. Ìsìn kò ya àwọn àti Alhaja nípa. Ọjọ́ Iléyá, ẹran kì í wọ́n nílé wa, ọjọ́ Kérésì, Alhaja ló ń kọ́kọ́ jẹun. Lẹ́yìn ọ̀ràn ata yẹn, Alhaja ní ó ti kan àwọn aláta báyìí. Mama sì lọ jókòó láàárín àwọn tó ń lọ ata gbígbẹ ní Mile 12, wọ́n ya ìsọ̀ tí òrùlé rẹ̀ là lókè fún wọn, láìgba nǹkan kan. Mama náà ni wọ́n lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìkòsí, tí wọ́n bẹ àwọn onílé títí wọ́n fi yọ̀ǹda àyè fún gọ́tà òpópónà wa. Àwọn tí kò bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà náà wà láàárín wa níbí lónìí, ilé wọn kò sì kún fún omi mọ́.

Tóbi kàwé síwájú, ó sì di olùkọ́ ní Òkè-Ìmọ̀ ní ọdún 2007. Àwọn ọmọ ọdún kìíní ni wọ́n kọ́kọ́ fún un kọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àìsàn jẹjẹrẹ dá Mama dúró sílé. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Tóbi pè wọ́n lórí fóònù. Sípíríìtì gbaná ní kíláàsì rẹ̀, iná náà sì ran tábìlì.

Mama gbìyànjú láti jókòó. "Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Gbogbo wọn ti jáde, mà. Mo ka orúkọ wọn níta. Kò sẹ́ni tó há."

"Ilẹ̀kùn wo ni wọ́n gbà?"

"Méjèèjì, Mummy. Wọ́n kàn tì í ni."

Mama gbé fóònù fún Dàmọ́lá. Wọ́n da aṣọ borí, wọ́n sunkún, àwa tí a wà nínú yàrá sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sun ún tẹ́rùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣónúgà wá kí wọn ní Ìkòsí. Ó ní yunifásítì fẹ́ kọ orúkọ Mama sí iwájú ilé náà kí wọ́n tó lọ sinmi. Mama dúpẹ́, wọ́n sì kọ̀.

"Tí ọ̀dà bá wà," ni wọ́n wí, "ẹ fi kọ 'Ọ̀nà Àbájáde' sórí àwọn ilẹ̀kùn. Èyí tó wà níbẹ̀ kéré jù. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà."

Wọ́n ti kọ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, Mama rí i, wọ́n ní lẹ́tà rẹ̀ tó báyìí. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún ọdún 2009, Olúwa pe ìránṣẹ́ rẹ̀ wá sílé, nínú ilé wọn ní Ìkòsí, pẹ̀lú gbogbo wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Àwọn tí Mama fi sáyé lọ ni: àkọ́bí wọn, Àkítẹ́ẹ̀tì Olúwadàmọ́lá Ọláìyá, àti aya rẹ̀, Loveth, Arábìnrin Tóbi Ọláìyá, olùkọ́ kẹ́mísírì, Ọ̀gbẹ́ni Jìmí Ọláìyá, àwọn ọmọ ọmọ wọn, Dárasími àti Ìfẹ́olúwa, àbúrò wọn obìnrin, Arábìnrin Comfort Ṣóyọyè, àwọn ẹbí ní Ìperu àti Ìjẹ̀bú, àti Alhaja Kabirat Shittu, tí a kò mọ orúkọ mìíràn tí a lè pè wọ́n ju ìyá wa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa dúró lónìí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi irú èyí san án fún ara wa láìtọ́jọ́.

Ìyá wa, ẹ ti ṣe é débi tó yẹ kí ẹ ṣe é dé. Iṣẹ́ tó kù, ẹ fi sílẹ̀ fún wa, àwa á ṣe é. Ẹ sùn re, Adébímpé, ọmọ Ṣóyọyè. Kí Olúwa gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀, kí ilẹ̀ Ìkòsí tí ẹ fẹ́ràn rọ̀ yín lẹ́yìn bíi òwú o.